Ká Tó Wọn Ọpọlọ, Ká Mọ Ènìyàn: Iṣẹ́ Onímọ̀ Ìṣesí Ọpọlọ Láàárín Òṣìṣẹ́ Ìlúpéjú

 

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mo yàn láàyò, iṣẹ́ saikọ́lọ́jísìtì ilé ìwòsàn tó dojú kọ ọ̀rọ̀ ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní neuropsychology ní yunifásítì. Ẹ ní kí n ṣàlàyé ohun tí à ń ṣe, ohun tó ń wù wá láti wádìí, àti ohun tí àdúgbò tó kún fún fákítirì bíi Ìlúpéjú ní Èkó lè rí jẹ níbẹ̀. Mo gbà láti wá nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ká mi lára. Ọ̀rọ̀ náà ni pé àyẹ̀wò tí kò bá mọ ènìyàn kò lè mọ ọpọlọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èdè tí aláìsàn fi ń ronú, ìwé tó kà tàbí tí kò kà, àti iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, yóò pe aláàfíà ní aláìsàn, yóò sì pe aláìsàn ní ọ̀lẹ. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, orí ọ̀rọ̀ yìí ni yóò máa padà sí.

Kí ni iṣẹ́ wa?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó bá lọ rí saikọ́lọ́jísìtì, orí rẹ̀ ti dàrú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ló ń la agbárí. Àwọn dókítà mìíràn ló ń wádìí àrùn ọpọlọ, tí wọ́n sì ń kọ oògùn rẹ̀. Tiwa ni láti wọn iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe: ìrántí, àfiyèsí, ọ̀rọ̀ sísọ, ìṣirò, ètò ṣíṣe, bí ènìyàn ṣe ń yára dáhùn, àti bó ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Lẹ́yìn tí a bá wọ̀n ọ́n tán, a ó bá aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ wá ọ̀nà tí wọn yóò fi gbé ayé pẹ̀lú ohun tó kù, àti ọ̀nà tí ohun tó sọnù yóò fi padà díẹ̀díẹ̀.

Fọ́tò ọpọlọ tí wọ́n ń yà ní ilé ìwòsàn ṣe pàtàkì púpọ̀. Ó lè fi ẹ̀jẹ̀ tó dà síbi tí kò yẹ hàn. Àmọ́ ó lè mọ́ kedere nígbà tí ara aláìsàn kò tíì padà sípò. Fọ́tò kò lè sọ fún ìyàwó ìdí tí ọkọ rẹ̀ onísùúrù fi ń fi ìbínú na ọmọ láti ìgbà tó ti ṣubú lórí àkàbà. Kò lè sọ fún máníjà bóyá òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé ṣì lè dúró ti ẹ̀rọ tó ń gé pépà kí ìka rẹ̀ má bá a lọ. Irú ìbéèrè báyìí ló jẹ́ tiwa.

Bí ènìyàn bá wá sọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ la kọ́kọ́ ń bá a sọ. Níbo ló dàgbà sí? Èdè wo ló fi ń lálàá? Ìwé mélòó ló kà? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ọdún mélòó ló sì ti wà níbẹ̀? Ṣé ojú rẹ̀ ń ríran, ṣé etí rẹ̀ ń gbọ́? Báwo ló ṣe ń sùn? A ó tún pe ẹni tó ń bá a gbélé, nítorí pé ẹni tí ìrántí rẹ̀ ti dín kù kì í sábà rántí pé òun ń gbàgbé. Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò yóò bẹ̀rẹ̀. A ó ka nọ́ńbà fún un kí ó kà á tẹ̀lé wa, lẹ́yìn náà kí ó kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú. A ó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, a ó bi í pé èwo ló kù lọ́kàn rẹ̀. A ó ní kí ó dárúkọ gbogbo ẹranko tó bá lè rántí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó lè gba wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Kò sí pé ẹnì kan yege tàbí pé ó fìdí rẹmi níbẹ̀. Ohun tí à ń wá ni ibi tó dúró sán-ún àti ibi tó mẹ́hẹ.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti ṣẹ̀

Ní ọdún 1861, ní Paris, dókítà Paul Broca tọ́jú ọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju "tan" lọ, bẹ́ẹ̀ ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Nígbà tó kú, Broca rí i pé ibì kan níwájú ọpọlọ rẹ̀ lápá òsì ti bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń so iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ apá tó ń ṣe é nínú ọpọlọ.

Ogun ló wá sọ ìmọ̀ yìí di iṣẹ́ ìtọ́jú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Aleksandr Luria, ọmọ Rọ́ṣíà, ṣe àbójútó ilé ìwòsàn kan ní agbègbè òkè Ural fún àwọn sójà tí ọta ìbọn wọ̀ lórí. Ó ń wá bí ẹni tí kò lè kàwé mọ́ yóò ṣe tún kọ́ ọ, àti bí ẹni tí kò lè to ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ yóò ṣe rí ọ̀nà mìíràn gbà sọ ọ́.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé ogun yẹn jìnnà sí wa. Ilé ìwòsàn Ìgbòbí tó múlé gbè wá yìí, ọdún 1943 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti tún ara àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun kan náà ṣe, kó tó di ilé ìwòsàn eegun tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹni tí eegun rẹ̀ bá ṣẹ́ ti mọ ibi tí yóò gbé e lọ ní agbègbè wa. Ẹni tí ìrántí rẹ̀ bá fọ́, tàbí tí sùúrù rẹ̀ já lẹ́yìn tí nǹkan gbá a lórí, kì í sábà mọ ibi tí yóò lọ, àwọn ará ilé rẹ̀ náà kì í sì í mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn aláìsàn kan tí gbogbo wa nínú iṣẹ́ yìí kọ́ nípa rẹ̀. Ní ọdún 1953, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Henry Molaison kí wárápá tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lè rọlẹ̀. Wọ́n gé lára ọpọlọ rẹ̀ ní ìhà méjèèjì, níbi tí ìrántí tuntun ti ń fìdí múlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lè pa ohun tuntun mọ́ lọ́kàn: ẹni tó bá jáde tó sì padà wọlé ti di àlejò lójú rẹ̀. Brenda Milner, saikọ́lọ́jísìtì tó wá láti Montreal, ní kí ó máa fi pẹ́ńsù tọ ilà ìràwọ̀ kan tó jẹ́ pé inú dígí nìkan ló ti lè rí i. Ó ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń dá ṣáṣá sí i, bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń sọ pé òun kò rí irú iṣẹ́ yẹn rí. Milner fi ìyẹn hàn pé ìrántí kì í ṣe ẹyọ kan: ìrántí ọwọ́ wà lọ́tọ̀, ìrántí ìṣẹ̀lẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin súpáfáísọ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Òṣìṣẹ́ tó fara pa lórí lè padà dé, kí ó ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá, kí ẹ rò pé ó ti yá. Ọwọ́ rẹ̀ rántí iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́. Ìkìlọ̀ tuntun tí ẹ ṣe láàárọ̀ lórí wáyà tó já lè ti lọ lọ́kàn rẹ̀ kó tó di ọ̀sán.

Ẹ̀kọ́ láti Làìbéríà

Inú yàrá àwọn tó kàwé ní ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú àyẹ̀wò tí à ń lò. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn olùwádìí méjì, Michael Cole àti John Gay, lọ sí àárín àwọn ẹ̀yà Kpelle ní Làìbéríà láti mọ ìdí tí ìṣirò ilé ìwé fi ń le fún àwọn ọmọ wọn. Wọ́n da ìrẹsì sínú abọ́, wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ Kpelle fojú díwọ̀n iye ife tó wà níbẹ̀, wọ́n sì bi àwọn ọmọ Amẹ́ríkà náà. Àwọn àgbẹ̀ tí kò wọ ilé ìwé rí ló sún mọ́ òtítọ́ jù. Ìrẹsì ni ayé wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n.

Ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n kó ogún nǹkan síwájú àwọn Kpelle, lára oúnjẹ, aṣọ, irinṣẹ́ àti ohun èlò ìdáná, wọ́n ní kí wọ́n to èyí tó bára mu pọ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ ti ọsàn, nítorí ọ̀bẹ ló ń gé ọsàn. Wọ́n fi ọkọ́ ti ànàmọ́, nítorí ọkọ́ ló ń wú u. Ìdáhùn wọn ni pé bí ọlọ́gbọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sú àwọn olùwádìí, wọ́n bi wọ́n pé báwo ni òmùgọ̀ yóò ṣe tò ó. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n pín in sí mẹ́rin: oúnjẹ sọ́tọ̀, aṣọ sọ́tọ̀, irinṣẹ́ sọ́tọ̀, ohun èlò ìdáná sọ́tọ̀. Ohun tí ìwé àwọn olùwádìí pè ní ọgbọ́n gan-an nìyẹn. Ká ní wọn kò béèrè ìbéèrè kejì ni, wọn ì bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ènìyàn náà kò lè pín nǹkan sí ìsọ̀rí.

Igi ìṣáná Ìbàdàn

Àpẹẹrẹ tó wú mi lórí jù lọ wà nítòsí. Ní ọdún 1992, yunifásítì Ìbàdàn àti yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí àrùn ìgbàgbé tó ń bá àgbà jà. Ẹni tó ṣíwájú rẹ̀ nílé wa ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, aṣáájú nínú ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Áfíríkà. Hugh Hendrie ló ṣíwájú ní Indianapolis. Osuntokun papò dà ní 1995, àmọ́ Adesola Ogunniyi, Olusegun Baiyewu, Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró.

Wọ́n lọ bá àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé wọn ní Ìdíkàn, ní àárín gbùngbùn Ìbàdàn. Púpọ̀ nínú wọn kò wọ ilé ìwé rí. Àyẹ̀wò tí wọ́n bá nílẹ̀ ní kí ènìyàn fi pẹ́ńsù ya òbìrí, kó ya onígun mẹ́rin méjì tó wọnú ara wọn, kó tún ya àpótí tó ní ìhà tó fara hàn àti ìhà tó fara sin. Ẹ wo ìyá ẹni ọdún 75 tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ta aṣọ, tó mọ gbèsè oníbàárà kọ̀ọ̀kan lórí láìkọ ọ́ sílẹ̀, tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ló máa di pẹ́ńsù mú fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí àpótí tó yà bá wọ́, ṣé ọpọlọ ló wọ́ ni tàbí pẹ́ńsù?

Baiyewu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Frederick Unverzagt, onímọ̀ ìṣesí ọpọlọ bíi tiwa láti Indiana, wà lára wọn, kó igi ìṣáná jáde. Wọn a fi igi mẹ́rin to àwòrán kan síwájú àgbà, wọn a ní kí òun náà fi igi mẹ́rin to irú rẹ̀. Ìṣáná kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti dáná rí. Nígbà tí wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2005, ó hàn pé àwọn àgbà fara mọ́ ọn ju yíya àwòrán lọ, ó sì ń fi ibi tí ọpọlọ dé hàn láìfi àìkàwé dá ènìyàn lẹ́bi. Lẹ́yìn ìgbà náà, nígbà tí àwọn olùwádìí ṣe àyẹ̀wò kúkúrú tí wọ́n dán wò ní Lálùpọn lẹ́bàá Ìbàdàn àti ní agbègbè Hai ní Tànsáníà, igi ìṣáná wà nínú rẹ̀.

Wọ́n tún mọ̀ pé àfi kí àwọn bi ará ilé léèrè. Nílé Yorùbá, ọmọ ń fọ aṣọ fún bàbá, ìyàwó ọmọ ń se oúnjẹ fún ìyá. Àgbà lè ti máa gbàgbé gan-an kí ẹnikẹ́ni má fura, nítorí kò sí ohun tí wọ́n ń jẹ́ kó dá ṣe. Nítorí náà, ìbéèrè tó gbọ́n ni èyí tó bá ipò rẹ̀ nílé mu: ṣé ó ṣì ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí bí ó ti yẹ? Ṣé ó ṣì mọ ẹni tó wá kí i? Ṣé ó ń tún ìtàn kan náà sọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú?

Bíbi ará ilé léèrè yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ayé gba àbọ̀ wọn gbọ́. Ní 2001, wọ́n kéde ohun tí wọ́n rí lára àgbà 2,459 ní Ìbàdàn àti àgbà adúláwọ̀ 2,147 ní Indianapolis, lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ lé wọn fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Lọ́dọọdún, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, ó jẹ́ 3.24. Wọ́n tún rí i pé àbùdá ara kan tó máa ń mú kí ewu àrùn náà pọ̀ lára àwọn ẹ̀yà mìíràn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lára Yorùbá. Ìwádìí yìí jẹ́ kí gbogbo ayé máa béèrè ipa tí oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti bí a ṣe ń gbé ayé ń kó. Ká ní pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n gbé wọ Ìdíkàn, láìbi ará ilé léèrè, òǹkà wọn ì bá ti ṣini lọ́nà.

Ohun tó kan Ìlúpéjú

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ilé wa. Láti Town Planning Way dé Coker Road, títí dé Ọba Akran ní Ìkẹjà, ilé ìtẹ̀wé wà, ilé iṣẹ́ ọ̀dà wà, ti ike, ti oògùn àti ti oúnjẹ. Ọpọlọ ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ró, nítorí ọwọ́ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ewu mẹ́ta ló ń dojú kọ ọpọlọ òṣìṣẹ́ níbẹ̀, kẹ́míkà ni àkọ́kọ́.

Ní Fínlándì, saikọ́lọ́jísìtì Helena Hänninen lo ọdún púpọ̀ láàárín irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1971, ó kéde ohun tó rí lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú èéfín kẹ́míkà kan tí wọ́n fi ń ṣe òwú àtọwọ́dá. Kì í ṣe àwọn tí májèlé ti gbé ṣubú nìkan ni àyẹ̀wò rẹ̀ mú. Ó mú àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè ní aláìsàn: ìṣe wọn ti ń falẹ̀, ọwọ́ wọn kò sì já gaara mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìlera káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í lo àyẹ̀wò ọpọlọ bí agogo ìkìlọ̀ ní fákítirì. Àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà àti èyí tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lára ohun tó yẹ ká ṣọ́. Bí orí bá ń fọ́ ọ lọ́jọ́ iṣẹ́, tó sì ń lọ lọ́jọ́ ìsinmi, ara rẹ ń sọ̀rọ̀. Òjé pẹ̀lú kì í ṣe ohun eré: ní 2010, ó pa ọmọdé tó lé ní irínwó ní Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà nínú ọgbà ilé.

Orí tí nǹkan gbá ni ewu kejì. Ẹrù já bọ́, àkàbà yọ̀, ọkadà ṣubú ní Ìkòròdú Road láìsí àṣíborí. Ìkẹta ni ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú, èyí tó ń di rọpárọsẹ̀. Apá tó rọ ni gbogbo ènìyàn ń rí. Wọn kì í rí i pé aláìsàn náà kò kíyè sí ohun tó wà lápá òsì rẹ̀ mọ́, tàbí pé kò lè ṣètò iṣẹ́ tó ní ìpele mẹ́ta mọ́.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ kì í fẹ́ sọ pé òun ń gbàgbé, nítorí ó rò pé ọ̀la ni wọn yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò òun. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin tó ni ilé iṣẹ́ pé kí ẹ sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè wí láìpàdánù oúnjẹ rẹ̀. Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san sí àpò ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF, kí ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí ìtọ́jú. Ìpalára tó kan ọpọlọ àti ọkàn wà nínú òfin náà.

Ohun tí mo ń béèrè

Àkọ́kọ́, ẹni tí nǹkan bá gbá lórí kò gbọ́dọ̀ padà sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Bó bá ń bì, tí orífífọ́ rẹ̀ ń le sí i, tí oorun ń gbé e lọ ṣáá, tí gìrì mú un, tàbí tí ọmọlójú kan tóbi ju èkejì lọ, ilé ìwòsàn lọ́wọ́ kan ni.

Èkejì, kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ìrántí àti àfiyèsí fún ẹni tí ẹ bá fẹ́ fi sídìí kẹ́míkà tàbí ẹ̀rọ tó léwu kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa tún un ṣe lóòrèkóòrè. Òun fúnra rẹ̀ àná la ó fi wé òun lónìí. A kò ní fi wé ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta ló wà lókè ọkàn mi jù. A nílò òṣùwọ̀n tiwa. Bí ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tó ka ìwé mẹ́fà, tó ń sọ Yorùbá, tó ti lo ọdún mẹ́wàá nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá rántí ọ̀rọ̀ márùn-ún nínú mẹ́wàá, ṣé ó dára ni àbí kò dára? Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò lè dá wa lóhùn. Ìdáhùn náà wà lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ aláàfíà tó ń gba ojú ọ̀nà yìí kọjá láràárọ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá yọ̀ǹda wákàtí díẹ̀, tí àwọn ilé ìwòsàn ńlá LUTH àti LASUTH, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá àti àwọn yunifásítì wa sì gbé e lé èjìká, Ìlúpéjú lè fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ní òṣùwọ̀n tó mọ̀ wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yìí ń wá yín. Ọdún mẹ́rin ni fún oyè àkọ́kọ́ nínú saikọ́lọ́jì, lẹ́yìn náà oyè kejì nínú ẹ̀ka ti ilé ìwòsàn, pẹ̀lú iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún ń fi ọdún méjì kún un lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé kí wọ́n tó fọwọ́ sí ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà náà gùn, àmọ́ ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: ìmọ̀ nípa ara, ìmọ̀ nípa èdè, ìmọ̀ nípa ìṣirò, àti sùúrù láti jókòó ti ẹnì kan títí tí yóò fi sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa ti ní irinṣẹ́ kan tí yunifásítì òkè òkun kò lè tà fún un.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà, èyí tó gba ipò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin ti ṣí ilẹ̀kùn. Ó kù sọ́wọ́ wa láti wọlé, pẹ̀lú àyẹ̀wò tó mọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀, kí ó rán ẹnì kan wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé yìí, ká fi ọjọ́ sí i.